Ìgò Méjì Tí Mo Wú ní Ekpè

Ìgò méjì wà lórí pẹpẹ nínú yàrá mi ní Akpakpa, ní Kútọnu, tí mi ò lè wò mọ́. Ìyàwó mi ní kí n kó wọn dànù, mo ní ó tì. Ó ní kí n kúkú fi aṣọ bò wọ́n nígbà náà, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé ni mo máa ń yíjú sí ògiri. Mo fi aṣọ bò wọ́n. Aṣọ náà ṣì wà lórí wọn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Olùkọ́ ìtàn ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Kútọnu. Nàgó Ṣakété ni wá, Mùsùlùmí ni wá láti ayé bàbá bàbá mi. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé mi ò fẹ́ràn àṣehàn. Irọ́ ni. Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó o. Inú mi máa ń dùn dé gongo bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Ẹ ẹ̀ rí olùkọ́ yẹn, ó mọ ìtàn ìlú yìí ju àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ." Wọ́n sì ń sọ ọ́ lóòótọ́, èmi náà sì gbà wọ́n gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aládùúgbò mi ń gbẹ́ sálángá. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ju ìgò kan sókè pẹ̀lú iyanrìn, ìdí rẹ̀ rí roboto, kò lè dá dúró. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgò tó mutí yó nìyí. Mo gbé e lọ sílé, mo fọ̀ ọ́, mo rí i pé gíláàsì rẹ̀ nípọn, ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké wà nínú rẹ̀, lẹ́tà òyìnbó sì yọ lára rẹ̀. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà lọ, mi ò sinmi mọ́.

Mo ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún mi. Bí o bá tì í bọ inú iyanrìn, tó bá kan òkúta, á dún gbì. Tó bá kan ìgò, ó ní bó ṣe máa ń dún lọ́tọ̀, ọwọ́ rẹ á sì mọ̀ ọ́n kí etí rẹ tó gbọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ni mo máa ń lọ ní gbogbo Sátidé. Ọwọ́ ni mo fi ń hú iyanrìn kúrò bí ó bá kù díẹ̀, nítorí ọkọ́ a máa fọ́ ìgò. Tí mo bá délé, màá da ìrẹsì tútù àti omi ọṣẹ sínú rẹ̀, màá máa mì ín títí ẹrẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ á fi bọ́. Àwọn ọmọ mi á ní, "Bàbá ti ń se ìrẹsì inú ìgò."

Kì í ṣe kíkó ìgò jọ nìkan ni mo ń ṣe o. Èmi fẹ́ mọ ẹni tó mu ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo wá bàbá arúgbó kan rí tó ti ru ẹrù ní etíkun Kútọnu kí wọ́n tó kọ́ èbúté tí a ń lò nísinsìnyí. Ó sọ fún mi bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń dúró lọ́ọ̀ọ́kán, tí ọkọ̀ kékeré á lọ já àwọn àpótí pákó wá, ìgò jíìnì méjìlá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìgò náà ní igun mẹ́rin, wọ́n fẹ̀ lókè, wọ́n tín-ín-rín nísàlẹ̀, kí wọ́n lè fara mọ́ra nínú àpótí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ìgò kan, ojú ìwé kan: àwọ̀ rẹ̀, gígùn rẹ̀, lẹ́tà ara rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti ṣe é, irú ọkọ̀ tó gbé e wá. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi máa ń wá wò ó. Èmi á dúró, màá máa sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi á wà lẹ́yìn bí ọwọ́ gómìnà. Ẹ gbà mí, inú mi ń bí mi bí mo ṣe ń rántí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń gbé ní Ekpè, lójú ọ̀nà tó lọ sí Sèmè. Ìyá Ekpè ni gbogbo wa ń pè é. Orí ilẹ̀ tí wọ́n fún bàbá bàbá mi ni ó wà. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó sì padà sínú ilé bàbá rẹ̀, ó ń fún òróró àgbọn tà. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, ọmọ náà kú ní kékeré. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilé wa, wọn kì í bi ìyá léèrè ọmọ tó kú. Bí àlejò bá ṣèèṣì bi í pé ọmọ mélòó ni ó bí, àwa ọmọ àbúrò rẹ̀ la máa ń dáhùn: "Àwa rèé."

Ní àkókò fákáńsì ọdún kan, tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì, ó fẹ́ lọ sí Ṣakété fún àdúà ọjọ́ kẹjọ òkú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá sùn sílé dè é. Ó ní, "Ọmọ mi, má jẹ́ kí ewúrẹ́ wọ àgbàlá o. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni kí n bá a." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá."

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ, níbi tí kùkùté pèrègún méjì wà, ọ̀kan níhà ìlà oòrùn, ọ̀kan níhà ìwọ̀ oòrùn. Pèrègún náà ti kú, kùkùté rẹ̀ nìkan ló kù nílẹ̀. Ọ̀gbàrá ti gbá iyanrìn ìdí ọ̀kan lọ. Mo rí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń dán. Ìdí ìgò onígun mẹ́rin ni! Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Háà! Mo figbe ta, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo hú kùkùté náà kúrò kí ó má baà dí mi lọ́wọ́, mo fa ìgò náà yọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sán, kò ya. Èédú dúdú wà lábẹ́ ẹnu rẹ̀, bí ẹ̀kúnwọ́ méjì. Mo gbá a dànù.

Mo sáré lọ mú ọ̀pá irin mi. Mo tì í bọ ìdí kùkùté kejì, ó dún. Ìgò kejì tún nìyẹn, èédú tún wà lábẹ́ rẹ̀. Mo hú kùkùté yẹn náà. Mo di ihò méjèèjì, mo sì fi ìgbálẹ̀ gbá ojú ilẹ̀ kó lè tẹ́jú. Iṣẹ́ mi mọ́ púpọ̀. Ẹni tó bá wá síbẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé mi ò ronú ni? Mo ronú o. Èrò mi ló pa mí. Mo ní ìdílé Mùsùlùmí ni wá, bàbá bàbá mi kì í gbóòórùn ọtí, kò sí bí ìgò jíìnì ṣe lè jẹ́ tiwa. Tí kì í bá ṣe tiwa, ti àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa ni. Nítorí náà, mo jókòó sínú ilé Ìyá Ekpè, mo kọ ọ́ sínú kàyé pé àwọn atukọ̀ òyìnbó ló sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun, tí wọ́n mu jíìnì, tí wọ́n dáná sun ẹja jẹ, tí wọ́n sì ti ìgò bọ inú iyanrìn bí ọ̀mùtí ṣe máa ń ṣe. Mo fi èédú yẹn ṣe ẹ̀rí iná. Ó dùn lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí Ìyá dé, mi ò sọ fún un. Mo ní kí obìnrin tó ń kírun wákàtí márùn-ún má lọ gbọ́ pé ìgò ọtí wà nínú àgbàlá rẹ̀, kó má baà máa rò ó. Mo ti kó wọn sínú àpò mi. Ó yí ẹ̀yìnkùlé po, ó sì dúró.

Ó ní, "Kùkùté pèrègún dà?"

Mo ní, "Òjò ló hú u, Ìyá."

Ó wo ilẹ̀ títí. Ó wá mi orí. "Kò burú. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kò lè lọ síbì kankan."

Èmi tí mo máa ń gun alùpùpù sẹ́míjàn láti òpin Kútọnu dé òpin rẹ̀ kí n lè bi arúgbó tí mi ò mọ̀ rí léèrè ọ̀rọ̀, mi ò bi í pé kí ló wà nísàlẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ ká lọ jẹun. Ọjọ́ yẹn ni mo máa ń fẹ́ kí n tún rí, ọjọ́ yẹn nìkan.

Lẹ́yìn ọdún bíi méjì, ilẹ̀ Ekpè di ohun tí gbogbo ayé ń dù. Ọkùnrin kan tó ń ṣòwò láti ìlú dé ìlú ra ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa títí dé ìhà òkun. Ó gbé kátápílà wá, ó tẹ́ gbogbo iyanrìn rẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì mú jéómẹ́tà wá láti wọn ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, èèkàn wọn ti wọ inú àgbàlá Ìyá Ekpè ní ẹsẹ̀ bàtà bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kátápílà ti gba ibẹ̀ kọjá náà, ó ti kó òkìtì àti kòtò pọ̀ di ọ̀kan. Ìyá lọ bá olórí abúlé, olórí abúlé sì dá ọjọ́ pé kí gbogbo ènìyàn pàdé lórí ilẹ̀. Ìyá ránṣẹ́ sí mi: "Ìwọ ni o kàwé, wá dúró tì mí."

Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Àwọn èèyàn pọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni ń ṣe ìsọmọlórúkọ. Ọkùnrin tó ra ilẹ̀ kó ìwé rẹ̀ jáde, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Olórí abúlé bi Ìyá léèrè ìwé. Ìyá ní kò sí ìwé, wọn kì í kọ ìwé láyé ọjọ́sí. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá wá rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín níwájú àwọn ọkùnrin tó tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní, "Mo ní ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ tí onílẹ̀, ọmọ Ègùn, fún bàbá mi nílẹ̀, ó ṣí ọtí. Òun àti àwọn àgbà tirẹ̀ ló mu ún. Bàbá mi kò fẹnu kàn án, omi ni ó mu. Ṣùgbọ́n wọ́n jọ di ìgò náà mú ni, onílẹ̀ di ìdí mú, bàbá mi di ọrùn mú, wọ́n sì jọ dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí èédú. Méjì ni, ọ̀kan ní igun yìí, ọ̀kan ní igun yẹn. Wọ́n gbin pèrègún lé e. Pèrègún lè kú. Ìgò kì í jẹrà, èédú kì í jẹrà. Ẹ gbẹ́ ibẹ̀."

Ìgò méjèèjì wà lórí pẹpẹ mi ní Akpakpa. Olórí abúlé ní àbá rere ni, òun mọ àṣà náà, ilé bàbá òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ra ilẹ̀ pàápàá ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, pé tí wọ́n bá rí i, òun á fa èèkàn òun sẹ́yìn. Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Ẹ gbọ́ mi o, ó sọ ọ́.

Wọ́n gbẹ́ ibi tí Ìyá nawọ́ sí. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ síwájú, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Iyanrìn ni, iyanrìn ni ṣáá. Ìyá ní bóyá kátápílà ti mú ojú òun kúrò, kí wọ́n gbẹ́ apá ọ̀hún. Wọ́n gbẹ́ apá ọ̀hún. Nígbà tó rẹ àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀, Ìyá kúnlẹ̀ sínú ihò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ hú u. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún! Ìbòrí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò mú un. Èmi dúró lókè, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn mi, mi ò sọ nǹkan kan.

Kí ni mo ń dúró dè? Ojú ń tì mí ni. Àwọn òbí ọmọ tí mo ń kọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní ọ̀mọ̀wé. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé màá sọ ọ́ fún olórí abúlé nìkan lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bá túká. Ojo ni mí, òun náà nìyẹn. Olórí abúlé fún Ìyá lọ́wọ́, ó fà á dìde, ó sì ní kí èèkàn ṣì wà níbi tó wà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo rí Ìyá tó ń rìn láti ẹnu ihò: ẹsẹ̀ kan, èjì, ẹ̀ta. Á dúró, á wo ilẹ̀, á tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ó ń wọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó ìgò méjèèjì sínú àpò, mo kó kàyé mi, mo gba ilé olórí abúlé lọ. Mo jẹ́wọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ra ilẹ̀. Ó gbé ìgò kan sókè, ó yí i po, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ní ọjà Dàńtọ́kpà, mo lè ra irú èyí mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Lánàá ẹ wà níbẹ̀, ẹ panu mọ́. Lónìí ẹ gbé ìgò wá láti ilé." Olórí abúlé kò wojú mi. Ó ní bí wọ́n bá bá a nínú ilẹ̀ ni ìbá dára, pé òun kò mọ ohun tí òun lè ṣe sí èyí tó ti inú àpò jáde. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Mo wá lọ bá Ìyá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn, mo gbé ìgò méjèèjì síwájú rẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan irọ́ tí mo pa mọ́ òjò. Mo rò pé á bú mi. Mo fẹ́ kí ó bú mi. Ó fọwọ́ pa ọrùn ìgò kan, ibi tí bàbá rẹ̀ dì mú.

Ó ní, "Èwo ló wà níhà ìlà oòrùn?"

Mo wò wọ́n. Mo ti fọ̀ wọ́n, mo ti fi ìrẹsì mì wọ́n, wọ́n ń dán, wọ́n jọra. Mo ní, "Ìyá, mi ò mọ̀."

"Ó dáa. Ibo gan-an lo ti fà á yọ? Wá fi hàn mí."

Mo jáde síbẹ̀. Kátápílà ti sọ gbogbo ẹ̀ di pápá. Mo rìn síwá, mo rìn sẹ́yìn. Mo nawọ́ síbì kan. Ó ní, "Ó dá ọ lójú?" Mo ní kò dá mi lójú.

Ìgbà náà ni ó tó sọ ọ́. Oṣù méje ni ọmọ rẹ̀ nígbà tó kú, obìnrin ni. Bàbá Ìyá fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ìgò ìhà ìlà oòrùn, nínú ilẹ̀ tiwa. Wọn kì í ṣe àmì sórí ọmọ tó kéré bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, pé ìgò ni kó máa wò, ẹni tó bá mọ ibi tí ìgò wà ti mọ ibi tí ọmọ wà. Ó ní òun kò bìkítà fún ilẹ̀, òun kò ní gbé ilẹ̀ lọ sọ́run. Òun kàn fẹ́ gbé ọmọ òun kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé lé e lórí.

Mo ṣí kàyé mi. Ó dá mi lójú pé mo kọ ibi tí mo ti wú u, nítorí mo máa ń kọ gbogbo nǹkan. Ó ní, "Kà á fún mi." Mo kà á. Mo ka gígùn ìgò, mo ka àwọ̀ gíláàsì, mo ka orílẹ̀-èdè òyìnbó, ọkọ̀ ojú omi, àwọn atukọ̀, ẹja tí wọ́n sun. Ibi tí mo ti wú u, ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo kọ: "Ekpè, etíkun." Ó fetí sílẹ̀ dé òpin, kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ó ní, "Àwa dà nínú rẹ̀?"

Mo ní, "A ò sí níbẹ̀, Ìyá."

Ó ti ìgò méjèèjì padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní kí n máa gbé e lọ, òun kì í gbé ìgò ọtí sínú ilé.

Wọ́n ti mọ ògiri sí ojú èèkàn náà, búlọ́ọ̀kù ni, ó ga jù mí lọ. Mo máa ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé báyìí, mi ò mú ọ̀pá irin dání mọ́. Mo máa ń bá Ìyá lórí ẹní rẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ògiri, tí ó ń fi tẹ̀sùbáà ṣe àdúà fún ọmọ rẹ̀. Kì í jókòó sí ojú kan náà. Bí ó bá jókòó síhìn-ín lọ́sẹ̀ yìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á ti sún ẹní rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, títí á fi dé òpin ògiri, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.